Ẹ Bi Wá Léèrè: Adágún Baikal àti Ìdílé Tó Ń Wọn Omi Ẹ̀

Lóṣù tó kọjá, a fi ìlà mẹ́rin péré sọ ọ́ nínú ìwé yìí pé adágún Baikal, ní Sàìbéríà nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ló gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi tí ò níyọ̀, tí ò sì dì, lójú ilẹ̀ ayé yìí. Ìlà mẹ́rin o! Lẹ́tà tó tìdí ẹ̀ jáde pọ̀ débi pé òun nìkan la máa dáhùn lóṣù yìí. Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn tó gùn jù, a gé e kúrú, a ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ọmọ mi ló ka ìwé yín sí mi létí. Ẹ ní omi yẹn jìn ju gbogbo adágún yòókù lọ, ṣé kì í ṣe òkun ni? Kí ló gbẹ́ ihò tó tóbi tóyẹn? (Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ẹ bá wa kí ọmọ dáadáa. Kì í ṣe òkun rárá, adágún ni, omi ẹ̀ ò níyọ̀, àwọn tó ń gbé etí ẹ̀ ń bù ú mu. Àmọ́ mi ò ní bá yín jà tẹ́ ẹ bá pè é lókun torí ó gùn tó kìlómítà 636, ìyẹn ni pé ká ní a tẹ́ ẹ láti Èkó ká kọjú ẹ̀ sí Àbújá tààrà, á kọjá Àbújá dáadáa. Ibi tó jìn jù nínú ẹ̀, mítà 1,642 ni. Àpáta Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, mítà 137 ni gíga ẹ̀, ẹ to irú ẹ̀ mọ́kànlá lérí ara wọn sínú omi yẹn, omi á ṣì bo èyí tó wà lókè pátápátá.

Ohun tó gbẹ́ ihò ọ̀hún, ilẹ̀ tó ń ya ni. Ilẹ̀ tá a tẹ̀ yìí pín sí abala ńláńlá, abala kọ̀ọ̀kan sì ń sún díẹ̀díẹ̀ láìsinmi. Níbi tí Baikal wà, apá méjì ń fa ara wọn ya, ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ lọ́dún, àárín wá ń rì wálẹ̀, odò tó lé ní 300 ń da omi sínú ẹ̀, odò kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Angara ló ń gbé e jáde. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 25 tó ti ń ya bọ̀, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo adágún ayé. Ọ̀pọ̀ adágún ò tíì pé 20,000 ọdún, ẹrẹ̀ ló sì máa ń dí wọn pa nígbẹ̀yìn. Ti Baikal, ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nípọn tó kìlómítà 7, síbẹ̀ kò kún, torí bí ẹrẹ̀ ṣe ń dà sí i ni ìsàlẹ̀ ń rì sí i.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì tíì sinmi o. Lóṣù January ọdún 1862, ilẹ̀ mì tìtì lẹ́bàá ibi tí odò Selenga ti ń wọnú adágún náà, pápá tí àwọn ará Buryat, ẹ̀yà kan tó ń gbé níbẹ̀, ti ń da ẹran, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 200 kìlómítà níbùú lóòró, rì wọlẹ̀, omi sì bò ó. Títí dòní, omi ló wà níbẹ̀, Proval ni wọ́n ń pè é. Irú ilẹ̀ tó ń ya bẹ́ẹ̀ náà ló bí adágún Tanganyika àti Malawi nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ́ pé ojú ọjọ́ ń yí, pé omi ń gbóná. Ta ló wà níbẹ̀ tó wọ̀n ọ́n? Omi tó tóbi tóyẹn, tó tún ń dì lọ́dọọdún, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbóná ju tàtijọ́ lọ? Mi ò fẹ́ ìtàn àgbọ́sọ o. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè gidi nìyí, àbúrò, ó sì wù mí kí gbogbo èèyàn máa bi í kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ta ló wà níbẹ̀? Bàbá kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin, àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin.

Lọ́dún 1945, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Irkutsk tó ń jẹ́ Mikhail Kozhov bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi Baikal níwájú abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bolshie Koty. Ó yan ojú kan nínú omi, ó fi kìlómítà méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀ jìn sétí omi, ó fún un ní nọ́ńbà, Ojú Kìíní, ibẹ̀ náà ló sì ń padà lọ. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, wọ́n á tún lọ. Nígbà ooru, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀. Nígbà òtútù, orí yìnyín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn yín wà. Lóṣù February, yìnyín orí adágún yẹn lè nípọn tó mítà kan, mọ́tò ń gba orí ẹ̀ kọjá. Wọ́n á dá ihò sí i. Wọ́n á so ìgò onírin kan mọ́ wáyà, ìgò tó ṣí lókè tó sì ṣí nísàlẹ̀, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n fẹ́, mítà márùn-ún, mẹ́wàá, àádọ́ta, títí lọ dé 250. Tó bá ti débẹ̀, wọ́n á ju irin kékeré kan sára wáyà, irin náà á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á lọ kọ lu ìgò, ẹnu ẹ̀ méjèèjì á pa dé, omi ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa fà sókè láìjẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ tòkè. Wọ́n á ka bó ṣe tutù tó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á tún ju àwọ̀n kan tójú ẹ̀ kéré gan-an sínú omi, wọ́n á fà á sókè, gbogbo kòkòrò wẹ́wẹ́ tó bá há sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi oògùn sí i kó má bàa jẹrà, tí wọ́n bá délé wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á wá máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, irú èyí mélòó, irú tọ̀hún mélòó, èwo ni ọmọdé nínú wọn, èwo ni àgbà. Òtútù ibẹ̀ lè wọ ogún dígírì sí ìsàlẹ̀ òdo, omi tó bá kán sí ìbọ̀wọ́, dídì ni. Tọ́sẹ̀ bá yí po, wọ́n tún ti débẹ̀.

Kozhov kú lọ́dún 1968. Olga ọmọ ẹ̀, tóun náà di ọ̀jọ̀gbọ́n, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ń bá a lọ títí tó fi kú lọ́dún 2000. Lyubov Izmest'eva, ọmọ Olga, ló tún gbà á. Ẹ rò ó wò ná: ayé Stalin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Soviet Union tú ká lọ́dún 1991, owó ìwádìí gbẹ jákèjádò Rọ́ṣíà, wọ́n ṣì ń lọ sí Ojú Kìíní. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, torí kò sí àtẹ́wọ́ nídìí ẹ̀, ìwé ń kún sórí ìwé, àwọn tó wà lókè òkun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, Marianne Moore àti Stephanie Hampton, bá wọn dá sí i. Wọ́n jọ ṣe ìṣirò àkọsílẹ̀ ọgọ́ta ọdún yẹn, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2008. Omi òkè adágún náà ti fi dígírì 1.21 gbóná sí i látọdún 1946. Chlorophyll, ìyẹn ohun tó wà lára ewé tí wọ́n fi ń mọ bí algae, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, ṣe pọ̀ tó, ti fi ìdá 300 nínú 100 lé sí i látọdún 1979. Àwọn kòkòrò omi kan tí wọ́n ń pè ní cladoceran, tí wọ́n fẹ́ràn omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti fi ìdá 335 nínú 100 pọ̀ sí i látọdún 1946. Yìnyín náà ńkọ́? Àwọn míì ti ń kọ ọjọ́ tó ń dì àti ọjọ́ tó ń yọ́ sílẹ̀ látọdún 1869, láàárín ìgbà yẹn sí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àsìkò tí ojú omi fi ń wà láìsí yìnyín ti fi nǹkan bí ọjọ́ 18 gùn sí i.

Ẹ lè ní kí ni dígírì kan ó lé díẹ̀ fẹ́ ṣe fún èèyàn. Wò ó, èrò àwọn onímọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé tí gbogbo adágún ayé bá máa gbóná, Baikal ló máa kẹ́yìn wọn, torí omi ẹ̀ pọ̀ jù, ó sì tutù jù. Òun náà ti gbóná. Ohun tó sì wà nínú omi yẹn, òtútù ni wọ́n bí i sí. Kòkòrò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Epischura, kò tó mìlímítà méjì, kò sí níbòmíì láyé, òun ló ń jẹ algae, òun ló ń sẹ́ omi náà tó fi ń mọ́ gaara, òun lẹja kéékèèké ń jẹ. Kò fẹ́ràn ooru. Algae tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ náà, abẹ́ yìnyín ló ti ń hù nígbà ìrúwé, torí yìnyín Baikal mọ́ débi pé oòrùn ń gbà á kọjá. Tí yìnyín bá ń tètè lọ, oúnjẹ ń kúrò nílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, kó tó kan ẹja, kó tó kan ẹran.

Ká ní ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ọdún kan á gbóná, èyí tó tẹ̀ lé e á tutù, èèyàn tiẹ̀ lè jáde wá sọ pé omi ń tutù sí i, kó sì rí nọ́ńbà fi gbè é lẹ́yìn. Ìyípadà dígírì kan láàárín ọgọ́ta ọdún máa ń sá pamọ́ sábẹ́ gbóná-tutù ọdọọdún ni, àfi kéèyàn ní àkọsílẹ̀ tó gùn, tí wọ́n wọ̀n lójú kan náà àti lọ́nà kan náà. Ìdí tí mo fi gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ nìyẹn, àbúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹja ni mò ń yan tà l'Ẹ̀pẹ́. Irú ẹja wo ló lè wà nínú omi tó ń dì? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń pa á tà? (Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹja kún ibẹ̀, ìyá mi. Èyí táwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù ni omul, wọ́n sì ń yan án bíi tiyín, abúlé Listvyanka tó wà létí omi, èéfín ẹja lèèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀. Àmọ́ omul ń dín kù, ìjọba wá ní kí wọ́n má pa á fún títà mọ́ látoṣù October ọdún 2017.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni golomyanka. Kò ní ìpẹ́, ara ẹ̀ mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, òróró sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ara ẹ̀, ẹ fi sójú oòrùn, òróró ló máa dà. Kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Òkè omi ló wà, ìsàlẹ̀ pátápátá náà ló wà, mítà ẹgbẹ̀rún kan ó lé tí omi fi rìn mọ́lẹ̀ kò ní in lára. Òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹja inú adágún yẹn, síbẹ̀ àwọn apẹja kì í fi àwọ̀n lé e torí kì í rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ńṣe ni kálukú ń dá rìn.

Ẹni tó ń jẹ ẹ́ jù ni nerpa. Síìlì ni nerpa, ẹranko tó ń mí bíi tiwa, tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀. Inú òkun lèèyàn mọ síìlì mọ́, àmọ́ irú èyí, inú omi tí ò níyọ̀ nìkan ló ń gbé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ló sì wà láàárín ẹ̀ àti òkun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti òkun apá àríwá ni àwọn baba ńlá ẹ̀ ti gba odò gòkè wá nígbà láéláé. Yìnyín ni ilé ìgbẹ̀bí ẹ̀: abiyamọ á fi èékánná há ihò sí yìnyín látìsàlẹ̀, á gbẹ́ yàrá sábẹ́ yìnyín dídì tó rọ̀ sórí ẹ̀, ibẹ̀ lá bímọ sí láàárín February sí March, ọmọ funfun báláú. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ dàgbà, kó sì pa irun ẹ̀ dà kó tó lè máa wẹ̀ dáadáa. Tí yìnyín bá wá yọ́ ṣáájú àsìkò, inú omi ló máa bọ́ sí láìtó àsìkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Lọ́dún 1987 sí 1988, àìsàn kan tó máa ń pa ajá ràn wọ́n, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì. Mo kà á níbì kan pé ìsàlẹ̀ adágún Tanganyika ò ní ọ́síjìn, pé kò sí ẹja níbẹ̀, àmọ́ ẹ ní ẹja wà nísàlẹ̀ Baikal. Adágún méjèèjì ló jìn, kí ló fà á? (Tíṣà, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ kà, tíṣà. Tanganyika ló tẹ̀ lé Baikal nínú jíjìn, nǹkan bíi mítà 1,470, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 100 sí 200, ọ́síjìn tán. Ìyàtọ̀ wọn, òtútù ni.

Dígírì mẹ́rin lomi máa ń wúwo jù. Èyí tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, èyí tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ náà fúyẹ́, yìnyín ló wá fúyẹ́ jù, òun ló jẹ́ kó máa léfòó. Ní Baikal, nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, omi òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti òdo lọ sí mẹ́rin, bó ṣe ń gbóná yẹn ló ń wúwo, á máa rì, á gbé ọ́síjìn tó fà láti afẹ́fẹ́ dání lọ sísàlẹ̀. Tó bá tún di ìgbà tí òtútù ń padà bọ̀, omi òkè á tutù lọ sí mẹ́rin, á tún rì. Atẹ́gùn líle á wá ti àwọn omi tútù kan lọ sí ibi tó jìn sí i. Bó ṣe ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nìyẹn, ohun abẹ̀mí wá wà dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ti Tanganyika, oòrùn wa yìí ló ń pa á lọ́dọọdún láìsí ìsinmi. Omi òkè ẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́, ó jókòó sórí omi ìsàlẹ̀ tó tutù díẹ̀, kò sì rì. Ajílẹ̀ tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ á wà níbẹ̀, àfi tí atẹ́gùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá rú díẹ̀ sókè, ìwọ̀nba tó rú sókè yẹn ló ń bọ́ algae, tí algae ń bọ́ kòkòrò, tí kòkòrò ń bọ́ ẹja kéékèèké tí wọ́n ń sá gbẹ kiri Tanzania, Burundi, Congo àti Zambia. Bí omi òkè ṣe wá ń gbóná sí i, rírú yẹn ń dín kù. Ìwádìí méjì tó jáde lọ́dún 2003 sọ ọ́ pé ohun tí adágún náà ń pèsè ti ń dín kù nítorí ẹ̀. Mo rò pé ó yẹ káwọn ọmọ wa gbọ́ èyí nínú kíláàsì ju ti Baikal lọ torí ọ̀nà oúnjẹ àwọn èèyàn bíi tiwa ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ wa tó ń ka Jiọ́lọ́jì níbí sọ pé ẹrẹ̀ adágún lè sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ kẹ̀? (Bàbá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ẹrẹ̀ ni, bàbá, ọmọ yín ò parọ́. Irú algae kan wà tó ń jẹ́ diatom, ojú lásán ò lè rí i, èèpo ẹ̀ le bíi gíláàsì. Tó bá kú, èèpo ẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí ayé bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, diatom á pọ̀, ẹrẹ̀ ìgbà yẹn á kún fún èèpo. Nígbà tí òtútù bá gba ayé, tí yìnyín bo ilẹ̀, kò ní fẹ́ẹ̀ẹ́ sí, ẹrẹ̀ ìgbà yẹn á jẹ́ amọ̀ lásán. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n jẹ́ kí yìnyín Baikal dì mọ́ ọn yíká kó má bàa mì, wọ́n sì ti paipu bọ ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n fa ẹrẹ̀ jáde ní gígùn gbọọrọ. Àlòyípo òtútù àti ooru hàn nínú ẹ̀ kedere, ìpele lórí ìpele, fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Yìnyín ńlá tó fá ẹrẹ̀ adágún púpọ̀ lọ ní apá àríwá ayé ò gun orí Baikal rí, ìdí tí tiẹ̀ fi pé nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ooru nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa mọ ohun táwọn èèyàn ń dà sódò wa níbí. (Òǹkàwé, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi igi ṣe ohun èèlò bébà wà ní Baikalsk létí adágún yẹn látọdún 1966, omi ìdọ̀tí ẹ̀ sì ń wọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ àti ará ìlú pariwo títí, ọdún 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í. UNESCO ti kọ orúkọ Baikal mọ́ ogún ayé látọdún 1996, ilé iṣẹ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ní báyìí, ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí láti ilé àti òtẹ́ẹ̀lì etí omi ló kù tó ń dà á láàmú: ewé omi kan tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú, Spirogyra, ń bo òkúta etí omi níwájú àwọn ìlú, èyí tí ò sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀dá omi kan tí wọ́n ń pè ní kànìnkànìn Baikal, tó máa ń dúró bí igi aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ omi, sì ń ṣàìsàn, ó ń kú. Àárín gbùngbùn adágún ṣì mọ́ o, níbi míì èèyàn lè rí nǹkan dé mítà 40 nísàlẹ̀. Etí ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, torí etí ni ọ̀pọ̀ irú ẹja ń yé sí.

ÌBÉÈRÈ: Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé ìwé wa. A ò ní ẹ̀rọ, a ò lówó. Ṣé ó lè ṣeé ṣe káwọn ọmọ wa náà máa wọn odò tiwa? (Tíṣà sáyẹ́ǹsì, Ìṣẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa, inú mi sì dùn sí lẹ́tà yín ju gbogbo tòkè yìí lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú: kí ọmọ kankan má ki ẹsẹ̀ bọ omi, kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ odò wa, tí òjò bá sì ti rọ̀ lókè odò, omi lè dé lójijì. Orí afárá ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é, kí tíṣà sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ yan ojú kan, ẹ kun ọ̀dà sí i lára afárá. Ẹ yan ọjọ́ kan àti wákàtí kan, ká ní Wednesday, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó má yí padà, torí omi aago mẹ́wàá yàtọ̀ sí ti aago méjì ọ̀sán. Ẹ ra tẹ̀mómítà onígíláàsì tí wọ́n ń lò ní láàbù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi wo ibà. Ẹ fa omi sókè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e síbòòji, ẹ ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kẹ́ ẹ kà á nígbà tó ṣì wà nínú omi, torí tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ síta, atẹ́gùn lẹ ń wọ̀n yẹn. Ẹ kun igi tàbí paipu ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ dè é mọ́ òpó afárá, òun lẹ máa fi mọ bí omi ṣe ga tó.

Fún bí omi ṣe mọ́ tó, ẹ gé ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà sí róbótó, sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹ kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun, ẹ so òkúta mọ́ abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá so okùn tẹ́ ẹ ti sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́ àárín ẹ̀. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ojú ò fi ní rí i mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa fà á bọ̀ títí tó fi máa tún hàn, ẹ kọ ìyẹn náà. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú. Irú nǹkan yìí ni wọ́n ń fi wo Baikal náà. Tí odò yín ò bá jìn tó, tẹ́ ẹ ṣì ń rí i nígbà tó kanlẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé ó kanlẹ̀.

Ẹ fi báírò kọ ọ́ sínú nóòtù ẹ̀yìn líle: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, òjò rọ̀ lánàá àbí kò rọ̀, àwọ̀ omi, òórùn, ẹyẹ tàbí ọ̀pọ̀lọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá lọ, ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n nǹkan sí i láéláé, àyè òfìfo sàn ju irọ́ lọ nínú irú ìwé báyìí. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, kó lè wà níbi méjì. Kí nóòtù má bá ọmọ kankan lọlé, inú sítáàfù rúùmù ni kó máa sùn. Àwọn ọmọ JSS 3 ni kó kọ́ àwọn JSS 1 kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n jọ lọ sórí afárá fún odindi táàmù kan, kí wọ́n jọ máa kà á, kí ẹnì kan má yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹ fi fọ́tò ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí wa, a máa bá yín ya gíráàfù ẹ̀ sínú ìwé yìí.